Àlejò Lójú, Ṣùgbọ́n Kò Fi Ríran
Ọ̀rọ̀ nípa ìrìn-àjò ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin wa ní ìlú Bìní

Ẹ̀yin ará wa, ọmọ káàárọ̀-o-ò-jíire tí ẹ ń gbé ìlú Bìní, ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn wa tí a fẹ́ bá ẹ̀yin òbí sọ, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọbìnrin ní ilé-ìwé gírámà kékeré. Ọ̀rọ̀ náà dá lórí ìwé pélébé kan tí ọmọ máa ń mú wá sílé nínú báàgì rẹ̀, tí ó ní kí bàbá tàbí ìyá fọwọ́ sí i pé ọmọ náà lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí ìrìn-àjò ẹ̀kọ́, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní èskọ́ṣọ̀n.

A kì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Ìwé mẹ́fà ni a kà kí a tó wọ iṣẹ́ rélùwéè, iṣẹ́ akọ̀wé ni a sì ń ṣe níbẹ̀ títí di òní. Rélùwéè kò dé Bìní, gẹ́gẹ́ bí gbogbo yín ti mọ̀. Ọ̀nà irin tí ó ti Itakpe lọ sí Warri, tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní 1987 tí wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ní 2020, gba Agbor kọjá, ó fi Bìní sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nítorí náà ilé wa àti ibi iṣẹ́ wa jìnnà sí ara wọn, ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni a kì í sí nílé. A sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ẹni tí ń bá yín sọ̀rọ̀, nítorí pé bàbá tí kì í sí nílé ni ó sábà máa ń yára sọ pé "rárá".

Àṣìṣe Wa

Ní ọdún tí ó kọjá, ọmọbìnrin wa wà ní kíláàsì kejì ní ilé-ìwé gírámà kékeré ti àwọn ọmọbìnrin ní ìlú yìí. Ní ọjọ́ Ẹtì kan tí a ti ibi iṣẹ́ dé, ó kúnlẹ̀ kí wa, ó sì na ìwé pélébé náà sí wa. Ilé-ìwé fẹ́ kó wọn lọ wo ère Emotan níwájú ọjà Ọba, mùsíọ́ọ̀mù tí ó wà ní àárín Ring Road, àdúgbò Igun tí wọ́n ti ń rọ idẹ, àti yàrà àtijọ́ tí àwọn Bìní gbẹ́ yí ìlú wọn ká. Owó tí wọ́n béèrè jẹ́ ₦4,000, owó ọkọ̀ àti oúnjẹ ọ̀sán sì wà nínú rẹ̀. A ka ìwé náà tán, a ká a, a fi í sí abẹ́ tẹlifíṣọ̀n. A ní, "Bìní tí o ti ń gbé láti ìgbà tí a ti bí ọ, kí ni o tún fẹ́ lọ wò níbẹ̀?" A tún fi kún un pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin fẹ́ ṣe ìdánwò JAMB, kò sí owó tí a ó máa fi ṣeré. Ìyá rẹ̀ bá wa sọ ọ́ díẹ̀, a kò gbọ́. Ọmọ náà kò sunkún. Ó ní, "Ẹ ṣé, Bàbá," ó sì lọ fọ abọ́.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ fún ara wa. Kì í ṣe owó nìkan ni ó fà á. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà ni a san ₦15,000 fún aṣọ ẹbí ìnáwó kan nílé, a kò sì ráhùn. Ohun kejì ni pé ọmọbìnrin ni. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó mú ìwé náà wá, bóyá à bá wá owó náà kiri. Ohun kẹta ni ó burú jù, òun ni a sì rò pé ó wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ nínú wa: a gbà pé ìlú yìí kì í ṣe tiwa. A wá jẹun ni, a ó sì padà sílé lọ́jọ́ kan. Kí ni ọmọ Yorùbá fẹ́ fi ìtàn Bìní ṣe?

Ní òpin tẹ́ẹ̀mù náà, ilé-ìwé pe gbogbo òbí wá sí gbọ̀ngàn. Wọ́n to tábìlì yí ká, orí tábìlì kọ̀ọ̀kan ni àwọn ọmọ to àwòrán àti ohun tí wọ́n fi amọ̀ mọ sí. Ọmọbìnrin kan tí kò tíì ga dé èjìká wa dúró nídìí tábìlì kan, ó ń ṣàlàyé fún àwọn àgbààgbà bí wọ́n ṣe ń fi ìda oyin rọ idẹ, kò sì kó lọ́rọ̀ rárá. Òmíràn ń sọ ìtàn ìyá Ọba. A wá ọmọ tiwa láti tábìlì dé tábìlì, a kò rí i. Nígbà tí a máa rí i, ẹnu ọ̀nà ni ó wà. Òun àti àwọn mélòó kan tí kò lọ sí ìrìn-àjò náà ni wọ́n ń pín omi inú ọ̀rá fún àlejò. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé omi fún wa, ó ní, "Ẹ kú àbọ̀, Bàbá. Ẹ gba omi."

A gba omi náà, ṣùgbọ́n a kò lè mu ún tán. Ẹnikẹ́ni kò fi wá ṣe ẹlẹ́yà, olùkọ́ rẹ̀ tilẹ̀ yìn ín fún wa pé ó ní ìwà. Ṣùgbọ́n a mọ̀ pé ìwé tí a fi sí abẹ́ tẹlifíṣọ̀n ni ó gbé ọmọ wa dé ìdí omi.

A Bá Wọn Lọ

Ní tẹ́ẹ̀mù tí ó tẹ̀lé e, ilé-ìwé tún fẹ́ kó àwọn tí kò lọ tẹ́lẹ̀ àti àwọn ọmọ kíláàsì kìíní jáde, wọ́n sì bẹ àwọn òbí pé kí díẹ̀ nínú wọn bá àwọn olùkọ́ lọ. A gba àyè níbi iṣẹ́, a sì lọ. Èyí tí a rí lọ́jọ́ náà ni a fẹ́ ròyìn fún yín, nítorí pé ọdún tí a ti ń kọjá níbẹ̀ kò lóǹkà, a kò sì rí nǹkan kan. Àwọn àgbà wa kò purọ́ nígbà tí wọ́n ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.

A bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Emotan. Gbogbo ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń tajà ní ọjà Ọba ni ẹ mọ ère obìnrin náà, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó mọ ohun tí ó ṣe? Oníṣòwò bíi tiyín ni. Ìtàn Bìní sọ pé ní nǹkan bí ọdún 1440, nígbà tí Ewuare ń sá kiri tí àbúrò rẹ̀ sì jókòó lórí ìtẹ́, Emotan ni ó fi ara balẹ̀ lọ́jà, tí ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀tá, tí ó sì ń ta Ewuare lólobó títí ó fi gba ìtẹ́ rẹ̀ padà. Wọ́n tún sọ pé òun ni ó máa ń bá àwọn ìyá ọlọ́jà tọ́jú ọmọ wọn nígbà tí wọ́n bá ń tajà. Nígbà tí ó kú, Ewuare gbin igi sí ibi tí ó máa ń jókòó sí kí a má baà gbàgbé rẹ̀. Ère idẹ tí a ń wò lónìí, ọwọ́ òyìnbó kan tí ń jẹ́ John Danford ni ó mọ ọ́n, ayé Ọba Akenzua Kejì ni wọ́n sì ṣí i ní 1954. Nígbà tí olùkọ́ sọ èyí tán, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ní, "Nígbà náà, ìyá mi náà lè ní ère." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àwa kò rẹ́rìn-ín.

Láti ibẹ̀ a sọdá sí mùsíọ́ọ̀mù. Níbẹ̀ ni a ti gbọ́ ọ̀rọ̀ Idia dáadáa. Idia ni ìyá Ọba Esigie, tí ó jẹ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Bàbá Esigie ni Ozolua, bàbá Ozolua sì ni Ewuare tí Emotan gbà là. Idia ran ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí òun àti arákùnrin rẹ̀ ń du ìtẹ́, àti nígbà tí wọ́n ń bá àwọn Igala jagun. Esigie sì fi í jẹ Iyoba, ìyẹn ìyá Ọba, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó jẹ oyè náà, wọ́n sì kọ́ ààfin fún un ní Uselu. Ojú rẹ̀ tí wọ́n fi eyín erin gbẹ́ ni Nàìjíríà fi ṣe àmì FESTAC ní Èkó ní 1977. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n gbẹ́ láyé àtijọ́ gan-an kò sí ní Bìní. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó o lọ ní oṣù Kejì ọdún 1897, nígbà tí wọ́n fi iná sun ìlú, tí wọ́n sì lé Ọba Ovonramwen lọ sí Calabar, níbi tí ó kú sí ní 1914. Ọ̀kan wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀kan sì wà ní Níú Yọ́ọ̀kì. Nígbà tí Nàìjíríà bẹ̀bẹ̀ pé kí Lọ́ńdọ̀nù yá wa ní tiwọn fún FESTAC, wọn kò gbà.

Ọmọ wa ni ó béèrè pé, "Mà, ṣé wọn kò ní dá a padà ni?" Olùkọ́ sọ fún un pé àwọn kan ti ń dá ohun tí wọ́n kó padà. Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí dá tiwọn padà ní 2022, Netherlands sì kó 119 wá sí Nàìjíríà ní oṣù Kẹfà ọdún 2025. Ọmọ náà kọ nọ́ńbà náà sí ẹ̀yìn ìwé rẹ̀. A rò ó nínú ọkàn wa pé bí àwọn ohun wọ̀nyí bá ń padà wálé, ta ni yóò mọ̀ wọ́n bí kò ṣe ẹni tí wọ́n bá sọ ìtàn wọn fún nígbà èwe rẹ̀?

Ẹ wo orúkọ tí ó wà lẹ́nu géètì àwọn ilé-ìwé ọmọbìnrin ní ìlú yìí: Idia College, Imaguero College, Emotan College. Orúkọ àwọn obìnrin ni. Ojoojúmọ́ ni àwọn ọmọ wa ń gba abẹ́ orúkọ wọ̀nyí wọlé. Ó yẹ kí wọ́n mọ ẹni tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ohun kan tún wà tí a gbọ́ ní mùsíọ́ọ̀mù tí ó yà wá lẹ́nu ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹni tí ó kọ ìtàn Bìní sínú ìwé kí ó má baà sọnù, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kó àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jọ kí mùsíọ́ọ̀mù tó wà rárá, ni Olóyè Jacob Egharevba. Ìwé ìtàn Bìní tí ó kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì jáde ní 1934. Ǹjẹ́ ẹ mọ ibi tí wọ́n bí i sí? Ìdánrè ni, ní ilẹ̀ Yorùbá, ní 1893. Àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Bìní tí ń gbé ìlú onílùú, gan-an bí àwa ti ń gbé Bìní lónìí. Ọmọ àlejò ni. Ṣùgbọ́n ó la ojú rẹ̀, ó fi etí sílẹ̀, ó béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbà. Bí àwọn òbí rẹ̀ bá ti sọ fún un pé "A wá jẹun ni," bóyá ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n sọ fún àwọn ọmọ wa lọ́jọ́ náà ì bá ti ṣègbé.

Ní àdúgbò Igun, a rí bí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ náà. Wọn a kọ́kọ́ fi amọ̀ mọ inú ère, wọn a fi ìda oyin bò ó, wọn a sì fín ojú, imú àti ìlẹ̀kẹ̀ sára ìda náà. Lẹ́yìn èyí, wọn a tún fi amọ̀ bo gbogbo rẹ̀, wọn a gbé e sí iná. Ìda a yọ́ jáde, àyè rẹ̀ a ṣófo, wọn a da idẹ yíyọ́ sínú àyè náà. Bí ó bá tutù, wọn a fọ́ amọ̀, ère a jáde. Nítorí náà ère méjì kì í bára mu pátápátá, nítorí pé amọ̀ kan kì í ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ìtàn tí àwọn Bìní fúnra wọn sọ, tí Egharevba sì kọ sílẹ̀, ni pé láyé Ọba Oguola ni wọ́n ránṣẹ́ sí Ọọ̀ni ní Ifẹ̀ pé kí ó fi alágbẹ̀dẹ idẹ kan ránṣẹ́. Iguegha ni orúkọ ẹni tí ó wá. A mọ̀ pé Bìní àti Yorùbá kì í sọ ìtàn Odùduwà àti Ọ̀rànmíyàn bákan náà, a kò sì kọ ìwé yìí láti dá ìjà sílẹ̀. Ohun tí a mọ̀ ni pé àwọn ọmọ wa dúró sí Igun, wọ́n gbọ́ orúkọ Ifẹ̀ lẹ́nu ọmọ Bìní, ojú wọn sì dán.

Níbi Yàrà

Yàrà ni a wò kẹ́yìn. Iya ni àwọn Bìní ń pè é. Ọwọ́ ènìyàn ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, ìdí rẹ̀ sí orí ògiri amọ̀ rẹ̀ sì ju mítà 17 lọ ní ibi tí wọ́n ti wọ̀n ọ́n, ìyẹn ga ju ilé alájà mẹ́rin lọ. Láti 1961 ni ìjọba ti kà á mọ́ àwọn ohun ìrántí orílẹ̀-èdè tí a kò gbọdọ̀ bà jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ bí ó ti rí lónìí. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ààtàn ni a sọ ọ́ dà. Ọ̀rá, ìgò, àkísà, gbogbo rẹ̀ ni ó wà níbẹ̀.

Nígbà tí àwọn ọmọ padà sí kíláàsì, wọ́n bẹ ọ̀gá ilé-ìwé pé kí ó jẹ́ kí àwọn lọ tún ibẹ̀ ṣe. Ní ọjọ́ Sátidé kan, nǹkan bí 40 ọmọ gbé ìgbálẹ̀ àti àpò, wọ́n lọ gbá etí yàrà náà àti gọ́tà tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn olùkọ́ kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀. Bí wọ́n ti ń ṣe é lọ́wọ́, ìyá kan ru garawa ìdọ̀tí jáde, ó fẹ́ dà á sínú yàrà gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Àwọn ọmọ fi Gẹ̀ẹ́sì àti Edo bá a sọ̀rọ̀, ó bú wọn. Ọmọ wa gbọ́ èébú náà, ó sì mọ èdè tí ìyá náà fi ń bú wọn, nítorí pé ọ̀kan nínú wa ni. Ó sún mọ́ ọn, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ má bínú. Ilé àwọn ènìyàn ni, wọ́n gbà wá sínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé garawa náà lọ síbi tí ọkọ̀ ìdọ̀tí ti máa ń kó o." Ìyá náà wò ó títí, kò sọ ohun kan, ó sì gbé garawa rẹ̀ fún un.

Olùkọ́ ni ó ròyìn rẹ̀ fún wa, ọmọ wa kò sọ ọ́ nílé. Ẹ̀yin ará, ojú tì wá, inú wa sì dùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú tì wá nítorí pé àwa àgbà ni a ń da ìdọ̀tí síbẹ̀. Inú wa dùn nítorí pé ọmọ tí ń pín omi lẹ́nu ọ̀nà ti di ẹni tí ń bá àgbà sọ òtítọ́ pẹ̀lú ìwà.

Àwọn Iṣẹ́ Mìíràn

Iṣẹ́ tí àwọn ilé-ìwé ọmọbìnrin ń ṣe láàárín ìlú kò mọ síbẹ̀. Àwọn ọmọ tí ó wà nínú ẹgbẹ́ Girl Guides, ẹgbẹ́ tí ó ti wà ní Nàìjíríà láti 1919, ń kọ́ bí a ti ń di ojú ọgbẹ́, bí a ti ń dáná níta, àti bí a ti ń pa ìlérí mọ́. Wọ́n ń lọ kí àwọn ọmọ aláìníyàá àti àwọn arúgbó, wọ́n ń bá wọn fọṣọ, wọ́n ń mú ọṣẹ àti gàárì lọ. Ẹ má ṣe sọ pé iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ni. Ọmọ tí ó bá fọ aṣọ arúgbó tí kì í ṣe ìyá rẹ̀ kò ní sá fún ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ ogbó.

Wọ́n tún kó wọn lọ sí NIFOR, lójú ọ̀nà Àkúrẹ́, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí ọ̀pẹ láti 1939. Ẹ̀yin ìyá elépo, ẹ fetí sílẹ̀. Níbẹ̀ ni ọmọ wa ti gbọ́ pé oríṣi ọ̀pẹ kan wà tí èkùrọ́ rẹ̀ nípọn, tí ẹran ara rẹ̀ kò pọ̀, dura ni wọ́n ń pè é. Òmíràn wà tí kò ní èépá èkùrọ́ rárá, ìyẹn ni pisifera. Bí a bá gbé àwọn méjèèjì pọ̀, a ó rí tenera, tí èépá rẹ̀ fẹ́lẹ́, tí ẹran rẹ̀ sì pọ̀, òun ni ó ń mú epo wá jù. Wọ́n tún kọ́ wọn pé ẹyìn tí a bá ti gé, kí a sè é kíákíá, nítorí pé bí ó bá pẹ́ nílẹ̀, epo rẹ̀ a kan. Nígbà tí ó délé, ó sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ tí ó ti ń ta epo láti ọdún mẹ́wàá. Ìyá rẹ̀ ní, "Ìdí nìyẹn tí epo oníbàárà mi fi máa ń kan!" Owó ìrìn-àjò náà ti padà sílé nìyẹn.

Kì í ṣe pé a ó máa gbà nìkan. Ní ọjọ́ àṣà ní ilé-ìwé wọn, olùkọ́ béèrè bóyá ẹnìkan mọ àdìrẹ ṣe. Ìyá méjì nínú ẹgbẹ́ wa lọ. Wọ́n kọ́ àwọn ọmọ, ọmọ Bìní, ọmọ Esan, ọmọ Urhobo àti ọmọ Ìgbò, bí a ti ń fi ìko di aṣọ, bí a ti ń fi ẹ̀kọ ẹ̀gẹ́ ya ọnà sí i, àti bí a ti ń rẹ ẹ́ sínú aró. Àwọn ọmọ náà ń pe àwọn ìyá wa ní "Mama Teacher" títí di òní. Bí a bá fẹ́ kí wọ́n mọ̀ wá ní ìlú yìí, irú iṣẹ́ báyìí ni kí a fi mọ̀ wá.

Nípa Ẹ̀rù Ọ̀nà

A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín yóò sọ pé, "Akọ̀wé, ọ̀nà kò dára." Òtítọ́ ni. A kò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó mọ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kíní ọdún 2023, àwọn agbébọn ya wọ ibùdó rélùwéè Tom Ikimi ní Igueben, ní Ìpínlẹ̀ Edo yìí, wọ́n sì jí àwọn èrò tí ń dúró de ọkọ̀ Warri gbé. Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ rélùwéè kò lè gbàgbé rẹ̀. Òbí tí ó bá ń bẹ̀rù kì í ṣe òpè.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kò ní kí a ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ, ẹ̀rù ní kí a tò ó létòlétò. Ìlànà tí a bá wọn ṣe nìyí, ohun tí a kọ́ níbi iṣẹ́ ni:

Èkíní, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti inú ìlú. Emotan, mùsíọ́ọ̀mù àti Igun kò jìnnà sí ara wọn. Ọmọ lè rí púpọ̀ láìkúrò ní Bìní.

Èkejì, kí orúkọ gbogbo ọmọ àti nọ́ńbà òbí wọn wà nínú ìwé méjì. Kí ọ̀kan wà nínú ọkọ̀, kí èkejì wà lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé.

Ẹ̀kẹta, kí wọ́n ka ọmọ nígbà tí wọ́n bá wọkọ̀ àti nígbà tí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀. Ọkọ̀ tí ó bá gbéra kí ó tó ka èrò rẹ̀ ti ṣe àṣìṣe.

Ẹ̀kẹrin, kí òbí méjì ó kéré tán bá wọn lọ, kí ọ̀kan sì jẹ́ ìyá.

Ẹ̀karùn-ún, kí gbogbo wọn ti padà dé kí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Kí wọ́n má ṣe rin ìrìn òru.

Bí ilé-ìwé kò bá lè ṣe èyí, òbí ní ẹ̀tọ́ láti má fọwọ́ sí ìwé náà. Ṣùgbọ́n kí ó lọ béèrè ná. Àwa kò béèrè, a kàn ká ìwé ni.

Ohun Tí A Ń Bẹ̀ Yín Fún

A fẹ́ bẹ ẹgbẹ́ wa pé kí a ní àpótí kékeré kan ní ìpàdé, tí ìdílé kọ̀ọ̀kan yóò máa fi ₦200 sínú rẹ̀ lóṣooṣù, kí a fi ran ọmọ tí òbí rẹ̀ kò bá ní owó ìrìn-àjò lọ́wọ́. Kí a má ṣe béèrè bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin.

A tún fẹ́ bẹ̀ yín pé nígbà tí a bá ń lọ sílé fún Àjíǹde tàbí Iléyá, kí a má ṣe máa ti inú ọkọ̀ bọ́ sídìí amala nìkan. Ilé náà ní ohun tí ó yẹ kí ọmọ rí. Ifẹ̀ ní mùsíọ́ọ̀mù tirẹ̀. Òkè Ìdánrè ń dúró dè wá. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ti wọ ìwé àwọn ibi pàtàkì lágbàáyé láti 2005. Àwa tí a bá sì gba ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde, Eredo Sungbo wà níbẹ̀, yàrà tí ó gùn ju kìlómítà 160 lọ, tí àwọn Ìjẹ̀bú fi orúkọ obìnrin pè. Ọmọ tí ó bá ti rí Iya ní Bìní yóò wo Eredo, yóò sì mọ ohun tí ó ń wò. Bí ọmọdé kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn, yóò ní kò sí oko tí ó tó ti bàbá òun. Ṣùgbọ́n ti àwọn ọmọ wa fẹ́ burú ju èyí lọ: wọn kò mọ oko ẹlòmíràn, wọn kò sì mọ ti bàbá wọn.

Ní Àjíǹde tí ó kọjá, ẹ̀gbọ́n bàbá wa wá kí wa láti ilé. Bàbá náà ti lé ní 70 ọdún, kò dé Bìní rí. Iṣẹ́ kò jẹ́ kí a ráyè mú un jáde, nítorí náà ọmọbìnrin yìí àti ìyá rẹ̀ ni wọ́n mú un lọ. Nígbà tí a dé lálẹ́, bàbá jókòó sórí àga, ó ń sọ ìtàn Emotan àti Idia fún wa bí ẹni pé ojú rẹ̀ ni ó ṣe. Ó sọ bí ìda ti ń yọ́ jáde kí idẹ tó wọlé. Ó wá ní, "Ọmọ yín yìí gbọ́n o. Ẹ kú iṣẹ́. Ṣé ẹ̀yin ni ẹ kọ́ ọ?"

A kò lè dáhùn. Ìyá rẹ̀ wò wá, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọmọ náà ni ó yára gbà á sọ, ó ní, "Bàbá mi bá wa lọ, bàbá àgbà. Àwọn ni wọ́n kọ orúkọ wa sílẹ̀ tí wọ́n ń kà wá."

Ẹ̀yin ará, bí ìwé pélébé yẹn bá wà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n yín, ẹ lọ mú un jáde lálẹ́ òní, kí ẹ fọwọ́ sí i. Ilé ni àbọ̀ sinmi oko, Ọlọ́run yóò mú gbogbo wa délé láyọ̀. Ṣùgbọ́n kí ọmọ wa tó délé, ẹ jẹ́ kí ó mọ oko tí ó ti wá.

Àwa ni tiyín ní tòótọ́,
Akọ̀wé rélùwéè